Kí Ẹ Tó Ra Ṣíìpù, Ẹ Bèèrè Ibi Tí Iná Rẹ̀ Ti Ń Wá

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé, "Ẹnjiníà, microcontroller wo ni kí n rà?" Microcontroller ni ṣíìpù kékeré tó ń darí ẹ̀rọ. Ẹni tó ń béèrè sábà máa ń ní ìdáhùn kan lọ́kàn tẹ́lẹ̀: èyí tó yára jù, èyí tó ní Wi-Fi, èyí tó rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe fídíò lórí YouTube. Èmi náà á bi í ní tèmi: níbo ni iná rẹ̀ á ti máa wá? Kí ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń fa iná? Tó bá ṣiṣẹ́ ségesège lóru, ta ló máa tún un ṣe? Ẹni tó bá rí èsì fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ṣíìpù tó yẹ kó rà, a ò tíì sọ̀rọ̀ débi eré sísá.

Ẹ̀rọ ìsàba ló kọ́ mi ní èyí jù, ẹ̀rọ táwọn olóko adìyẹ fi ń pa ẹyin láìsí àgbébọ̀ tó ń sàba. Mo ń ṣe é fún àwọn olóko n'Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, mo sì ń tún èyí táwọn ẹlòmíì ṣe ṣe. Lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ kékeré ni: kí inú àpótí gbóná dé 37.5°C, kí ọ̀rinrin wà níbẹ̀, kí ẹyin máa yí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì títí di ọjọ́ 18, kó wá dúró jẹ́ẹ́ títí di ọjọ́ 21 tí òròmọdìyẹ á bẹ́ èèpo jáde. Àmọ́ láàárín ọjọ́ 21 yẹn, lọ́sàn-án lóru, ẹ̀rọ náà ò gbọdọ̀ tòògbé. Tí prógíráàmù bá gan síbì kan nígbà tí hítà wà ní títàn, ooru á gun kọjá 40°C, ọmọ inú ẹyin á kú, olóko ò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ tó yẹ kó máa gbọ́ igbe òròmọdìyẹ. Owó ẹyin, owó iná, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, gbogbo rẹ̀ á wọmi.

Kí wá ni ṣíìpù ń ṣe nínú rẹ̀? Ó ń ka ooru, ó ń tan hítà, ó ń pa á, ó ń yí ẹyin lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí kan sí méjì, ó sì ń kọ nọ́ńbà sójú LCD. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó nílò eré. ATmega328P, ṣíìpù tó wà lórí Arduino Uno, ní 32 KB tí prógíráàmù ń gbé sí àti 2 KB fún iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́, 16 MHz ló sì ń sá lórí Uno. Ìyẹn tó, ó tún ṣẹ́ kù. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí ni pé 5 fólítì ló ń jẹ, bíi LCD àti ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù rìléè (suwíìṣì tí ṣíìpù fi ń tan iná ńlá) tó wà lọ́jà, nítorí náà kò sí pé à ń wá ọgbọ́n tí wọ́n á fi gbọ́ra wọn yé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè fún nǹkan ní 20 mA pẹ̀lú ìrọ̀rùn, kò sì gbọdọ̀ kọjá 40 mA láéláé. Oríṣi rẹ̀ kan wà tó gùn, tó ní ẹsẹ̀ 28, tó ṣeé tì bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tó bá bàjẹ́, ẹ fi sikúrúdíráfà kékeré ta á yọ, ẹ ti òmíràn bọ̀ ọ́, kò sí pé à ń wá áyọ́ọ̀nù àti lẹ́ẹ̀dì ní àárín oko. Ìbéèrè mi kẹta nìyẹn ń dáhùn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló le jù nílẹ̀ wa. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ni 230 fólítì. Gbogbo wa la mọ háàfù kọ́ráǹtì. Mo ti fi mítà wọn ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì ní oko tí mo rí 140. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi tìránsífọ́mà àtijọ́ àti 7805 (ohun tó ń sọ fólítì di 5) ṣe máa ń jìyà níbẹ̀, torí 7805 nílò nǹkan bíi 7 fólítì kó tó lè yọ 5 tó dúró ṣinṣin, tí tìránsífọ́mà ò bá sì rí iná tó, kò lè fún un. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ṣájà tí wọ́n kọ 100–240V sí lára ni mo máa ń lò báyìí, irú èyí tó máa ń yí iná padà fúnra rẹ̀. Kódà nígbà tí iná bá ti ń pọ́n bíi iná fìtílà, 5 fólítì á ṣì máa jáde.

Apá kejì wà nínú ṣíìpù fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í fọwọ́ kàn án. ATmega328P ní olùṣọ́ kan tí wọ́n ń pè ní brown-out detector. Tí iná bá relẹ̀ ju ibi tí ẹ fi sí lọ, á dá ṣíìpù dúró títí iná á fi padà bọ̀ sípò. Lórí Uno, 2.7 fólítì ni wọ́n fi sí. Bẹ́ẹ̀ ṣíìpù tó ń sá 16 MHz nílò nǹkan bíi fólítì 3.8 kó tó lè ṣe ìṣirò tó pé. Ìyẹn ni pé láàárín 2.7 sí nǹkan bíi 3.8, ṣíìpù ń ṣiṣẹ́ lọ, olùṣọ́ ò sì sọ nǹkan kan, àmọ́ ohun tó ń ṣe kò ní orí, kò ní ìdí: ó lè tan hítà láìsí àṣẹ, ó lè ba ohun tó wà nínú EEPROM (mẹ́múrì tí kì í gbàgbé tí iná bá lọ) jẹ́. Mo máa ń gbé e lọ sí 4.3 fólítì nínú àwọn fuse, ìyẹn àwọn ètò ìbẹ̀rẹ̀ tó wà nínú ṣíìpù. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹyin là.

Àwọn oníbàárà kan wà tí oko wọn wà lábúlé, tí àwọn fúnra wọn ń gbé ìgboro, tí wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù wọn. Irú wọn ni mo ń lo ṣíìpù míì tó ń jẹ́ ESP32 fún. Ọdún 2016 ló jáde, ó ní Wi-Fi àti Bluetooth nínú, ó ń sá dé 240 MHz, ó sì ní 520 KB níbi tí ATmega ti ní 2. Nǹkan gidi ni, mi ò ní bù ú kù. Àmọ́ 3.3 fólítì ló ń jẹ, ìgbàkígbà tí Wi-Fi rẹ̀ bá sì ń sọ̀rọ̀, ńṣe ló ń gbé iná mì gbọ́ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é dábàá pé kí ohun tó ń fún un ní iná lè gbé 500 mA ó kéré tán. Ẹ fi wáyà USB tẹ́ẹ́rẹ́ àti ṣájà gbàrọgùdù sí i, ẹ ó rí i lójú kọ̀ǹpútà: "Brownout detector was triggered", á sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, léraléra. Àwọn kan á lọ wá ìlà kóòdù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń pa olùṣọ́ yẹn lẹ́nu mọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Òótọ́ ni olùṣọ́ ń sọ. Wáyà tó nípọn tí kò gùn, ṣájà tó gbé ampere kan sókè, àti kàpásítọ̀ 470 µF lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù gan-an, ìyẹn ló ń tán ọ̀rọ̀ náà.

ESP32 tún ní àwọn ẹsẹ̀ tó ní èèwọ̀ tiwọn. Àwọn tí wọ́n ń pè ní ADC2 kì í ka fólítì nígbà tí Wi-Fi bá ń ṣiṣẹ́. GPIO34 dé 39 kì í sọ̀rọ̀ síta, gbígbọ́ nìkan ni tiwọn, wọn ò sì ní rísítọ̀ nínú tó ń fà wọ́n sókè. GPIO6 dé 11, mẹ́múrì prógíráàmù ló ń lò wọ́n. Èyí tó sì ń da àwọn èèyàn láàmú jù ni GPIO12.

Ìyá kan tó ń sin adìyẹ gbé ẹ̀rọ kan wá. Ẹlòmíì ló bá wọn ṣe é. Ó ní, "Ẹnjiníà, tí NEPA bá mú iná lọ tí wọ́n dá a padà, kì í jí mọ́. Àfi tí mo bá fa wáyà àpótí kékeré yìí yọ, kí n dúró díẹ̀, kí n tó wá kì í bọ̀ ọ́." Ẹni tó ṣe é ti pààrọ̀ bọ́ọ̀dù fún un, ohun kan náà ló ń ṣe. Àpótí kékeré tí wọ́n ń wí yẹn ni ṣájà tó ń bọ́ rìléè. Nítorí náà, kí n tó tú nǹkan kan, mo ti mọ̀ pé inú rìléè ni ọ̀rọ̀ wà, pé ohun kan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ṣíìpù jí. Mo fi wáyà so bọ́ọ̀dù mọ́ kọ̀ǹpútà, mo ṣí Serial Monitor (ibi tí ọ̀rọ̀ ṣíìpù ti ń hàn lójú kọ̀ǹpútà) sí 115200, mo ní kí wọ́n tan gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. "flash read err, 1000", tó ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ bí òjò. Ó ti tán. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí ESP32 bá ń jí, á kọ́kọ́ wo GPIO12 láti mọ fólítì tó máa fún mẹ́múrì rẹ̀. Tí ẹsẹ̀ yẹn bá wà nílẹ̀, 3.3 ni. Tó bá wà lókè, 1.8 ni, mẹ́múrì tó wà lórí irú bọ́ọ̀dù yìí ò sì lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú 1.8. Rìléè tí wọ́n so mọ́ ọn jẹ́ irú èyí tó máa ń tàn nígbà tí a bá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Irú yẹn ní iná kékeré nínú optocoupler rẹ̀ (ohun tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àṣẹ kọjá) tó ń rọra fa ẹsẹ̀ náà sókè ní gbogbo ìgbà tí rìléè bá ti rí 5 fólítì. Lórí tábìlì ẹni tó ṣe é, USB ló ń kọ́kọ́ tan ṣíìpù, ìgbà tó bá yá ló ń tan rìléè, nítorí náà kò rí àìsàn náà rí. Lóko, iná kan náà ló ń tan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé wáyà náà lọ sí GPIO27, mo yí nọ́ńbà kan padà nínú kóòdù. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti yọ sọnù yẹn, kò ní nǹkan kan tó ṣe é.

Ọ̀nà tí mo ń gbà wá àìsàn ẹ̀rọ ò yí padà láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí: iná ni mo kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ reset (tó ń mú ṣíìpù bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀), lẹ́yìn náà aago (tó ń pinnu bí ṣíìpù ṣe ń sá sí), kóòdù ló gbẹ̀yìn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti kóòdù torí pé ibẹ̀ ni ọwọ́ wọn yá sí. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n kóòdù tó ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà kì í dédé ya wèrè.

Ibi tí mítà ti ń tan èèyàn jẹ nìyí. Ẹ gbé mítà lé VCC, ẹsẹ̀ tí iná ń gbà wọlé, ó kọ 4.9, ẹ ní iná dára. Mítà lọ́ra, ohun tó ń rí jẹ́ ìpíndọ́gba ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Iná tó já wálẹ̀ tó sì padà sókè kí ojú tó ṣẹ́ kò lè hàn lára rẹ̀. Tí kò bá sí oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń lọ sókè sódò), ẹ jẹ́ kí ṣíìpù fẹnu ara rẹ̀ sọ. ATmega328P ní ibì kan tó ń jẹ́ MCUSR, níbi tó ti ń kọ ìdí tó fi bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀: bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án ni, bóyá ẹnì kan tẹ reset, bóyá iná ló relẹ̀, tàbí watchdog (olùṣọ́ tó ń tún ṣíìpù bẹ̀rẹ̀ tí prógíráàmù bá gan) ló ta á jí. Mo máa ń kà á ní ìbẹ̀rẹ̀ prógíráàmù kí n tó ṣe ohunkóhun, màá sì kọ ọ́ sí igun LCD. Ẹ ṣọ́ ohun kan: bootloader Arduino (prógíráàmù kékeré tó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́) lè ti nu ún kúrò kí kóòdù yín tó débẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi ń gba ẹsẹ̀ ISP kó prógíráàmù wọlé tààrà fún ẹ̀rọ tó bá ń lọ sóko. Ti ESP32 rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, esp_reset_reason() á sọ gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀rọ kan tí mo ṣe èyí fún máa ń dákú ní gbogbo ìgbà tí fáànù ńlá rẹ̀ bá kú. Kì í ṣe ìgbà tó ń tàn o, ìgbà tó ń kú ni. Igun LCD ní "reset láti ìta". Nítorí náà kì í ṣe iná tó relẹ̀; ẹsẹ̀ reset ló ń gbọ́ ariwo. Tí ìfọwọ́kàn rìléè bá ya lára fáànù, iná tó wà nínú wáyà rẹ̀ á fò sókè, á ta pàrà, wáyà reset tó gùn tí kò ní nǹkan kan tó dì í mú á sì gbà á. Rísítọ̀ 10k láti reset sí 5 fólítì, kàpásítọ̀ 100 nF lẹ́gbẹ̀ẹ́ VCC àti òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ AVCC, kí rísítọ̀ 100 ohm àti kàpásítọ̀ 0.1 µF irú X2 tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìfọwọ́kàn rìléè náà, kí wáyà iná ńlá má sì bá wáyà sẹ́nsọ̀ rìn pọ̀. Ó dákẹ́. Tó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ poli ló ń ka èyí, tí ṣíìpù PIC16F877A wà lọ́wọ́ yín, ẹ wo MCLR, ẹsẹ̀ reset tirẹ̀, lọ́nà kan náà. Ẹ sì wo RB3: tí LVP (ètò tó ń lo ẹsẹ̀ RB3 láti kó prógíráàmù wọlé) bá wà ní títàn nínú config, tí RB3 sì wà láìsí ohun tó dì í mú, ṣíìpù náà á máa gan láìnídìí.

Ti aago, iná LED kan àti aago ọwọ́ ló tó. ATmega328P tuntun tó ti ilé iṣẹ́ wá ń sá 1 MHz péré, nítorí pé aago inú rẹ̀ jẹ́ 8 MHz tí wọ́n sì ti pín in sí 8. Tí ẹ bá kó kóòdù tí ẹ kọ fún 16 MHz sínú rẹ̀, ohun tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú-àáyá kan á gba 16, ọ̀rọ̀ tó ń jáde lójú Serial Monitor á sì dà bí èdè àjèjì. Ẹ mú LED kó máa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ ka 16 lójú aago ọwọ́ yín. Tó bá bára mu, kírísítà (tó ń fún ṣíìpù ní aago láti ìta) ò bàjẹ́, fuse ni ẹ ò tíì yí.

Àwọn sẹ́nsọ̀ náà ní èdè tiwọn. Sẹ́nsọ̀ ooru DS18B20 tó bá ń sọ 85°C nínú àpótí tí kò gbóná kò wọn nǹkan kan. 85 ni nọ́ńbà tó ń gbé lẹ́nu nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iná, kó tó ṣe ìwọ̀n àkọ́kọ́. Iná rẹ̀ ló ń já. Tí kóòdù Arduino bá sì ń kọ -127, wáyà ti já pátápátá tàbí rísítọ̀ 4.7k ò sí níbẹ̀. Nínú ẹ̀rọ ìsàba, nọ́ńbà méjèèjì léwu lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. 85 á mú kí hítà kú. -127 á mú kí hítà máa jó lọ láìdúró, torí ṣíìpù rò pé òtútù ń pa ẹyin. Nínú gbogbo kóòdù tèmi, nọ́ńbà tó bá kọjá ohun tó bọ́gbọ́n mu, hítà á kú, fèrè á sì dún.

Watchdog gbọ́dọ̀ wà ní títàn pẹ̀lú. Mi ò sì fọkàn tán òun nìkan. Thermostat onírin kan máa ń wà lójú ọ̀nà iná hítà nínú gbogbo ẹ̀rọ tí mo bá ṣe, èyí tí kò mọ̀ pé kóòdù wà láyé, tó máa já iná tí ooru bá ti fẹ́ kọjá ààlà. Rìléè lè lẹ̀ pọ̀ nínú, nígbà yẹn ṣíìpù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa náà ò lè pa hítà.

Ọ̀rọ̀ EEPROM: ó yẹ kí ẹ̀rọ rántí ọjọ́ tí ẹyin wà kódà tí iná bá lọ. Ìgbà 100,000 ni wọ́n ṣèlérí pé ibì kan nínú EEPROM lè gba ìkọ̀wé. Ẹni tó bá ń kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan síbì kan náà á lo ìyẹn tán láàárín nǹkan bí ọjọ́ 69. Lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí kan, ó di ọdún 11. Wákàtí wákàtí tó fún ẹyin.

Nípa rírà, ẹ ra èyí tí ẹ ó tún rí rà lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí ṣíìpù wọ́n káàkiri ayé ní 2021, àwọn ṣíìpù STM32 àti ATmega gbówó lérí débi pé àwọn kan ní láti tún bọ́ọ̀dù wọn yà látìbẹ̀rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Raspberry Pi gbé Pico jáde ní dọ́là mẹ́rin, pẹ̀lú RP2040 tó ní 264 KB. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún iṣẹ́ tó bá fẹ́ eré tí kò sì fẹ́ Wi-Fi. Bọ́ọ̀dù aláwọ̀ búlúù tó ní STM32F103C8T6, tí wọ́n ń pè ní Blue Pill, dára, àmọ́ ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà kì í ṣe ṣíìpù STM gidi, rísítọ̀ R10 ti USB rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ 10k dípò 1.5k, nítorí náà kọ̀ǹpútà míì kì í rí i rárá. Kí ẹ tó dá bọ́ọ̀dù lẹ́bi lórí ìyẹn, ẹ pààrọ̀ wáyà USB ná. Wáyà tí kò ju ti ṣájà lọ, tí kò ní wáyà dátà nínú, pọ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó ṣì ṣeé ṣe kí ṣíìpù ti kú lóòótọ́. Mo máa ń fi ìka kàn án: èyí tó gbóná láìṣe nǹkan kan ti jó nínú. Tí kò bá gbóná, màá so ISP mọ́ ọn, màá ní kí avrdude (prógíráàmù kọ̀ǹpútà tó ń bá ṣíìpù sọ̀rọ̀) bi í ní orúkọ. ATmega328P tó wà láàyè á dáhùn pé 1E 95 0F. Tó bá dáhùn 1E 95 14, ATmega328 tí kò ní P ni wọ́n tà fún yín, kò bàjẹ́, ẹ kàn yí orúkọ tí ẹ yàn nínú kọ̀ǹpútà. Tó bá jẹ́ 00 00 00 tàbí FF FF FF, ẹ kọ́kọ́ tún wáyà ISP wò, kí ẹ sì fún un ní kírísítà láti ìta, torí ẹni tó bá fi fuse yan kírísítà tí kò sí níbẹ̀ ti gba aago lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lè dáhùn láìsí aago. Tí kò bá ṣì dáhùn, ẹ ta á yọ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó ti tuntun bọ̀ ọ́, ẹ wọn ẹsẹ̀ tó ń lọ sí rìléè, kí ẹ sì wo dáyóòdù 1N4007 tó wà lára kọ́ìlì rẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, tàbí tó ti já, ohun tó pa ti àkọ́kọ́ á pa tuntun náà.